Ohun Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Àwòrán Àǹtí Barakah

Àtìní, 7 Oṣù Keje

Òjò láti ìdájí. Oníkẹ̀kẹ́ ní owó àná ò lè gbé mi dé Challenge, níbi tí ọ́fíìsì wa wà, pé ṣé mi ò rí omi nílẹ̀ ni. Mo rí omi. Òun náà sì rí bàtà mi, ó gbọ́ bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sọ owó di ìlọ́po méjì. Táòfíkì, tá a jọ wà nínú ètò yìí, tí ilé wọn ò jìnnà sí Ọ̀fà Garage, ní kí n jẹ́ kí òun máa bá mi ná an. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Leeds, nílùú Òyìnbó, ni mo ti kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Bí mo bá wá dé ìlú bàbá mi tán, tó tún jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ni mo fi ń sọ̀rọ̀, kí ni mo wá ṣe?

"Òyìnbó Pàkátà," ni Táòfíkì wí, "o máa san owó ìbínú."

Mo san án.

Òyìnbó ni wọ́n ní ká máa fi kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún Ètò Akẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Àgbáyé. Ó dáa. Èyí tèmi, Yorùbá ni màá fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì lórí ẹ̀, bí àmì náà tiẹ̀ ń sú mi.

Dókítà Salahudeen, tó ń darí ètò náà, ló bá wa sọ̀rọ̀ lónìí. Ọmọ Ìlọrin ni, àdúgbò Gàmbàrí ni ilé ìyá rẹ̀ wà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Jẹ̀nífà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Ó wọ agbádá funfun. Òyìnbó rẹ̀ já geere, Yorùbá rẹ̀ náà já geere. Ó ní ayé ò mọ̀ wá, pé àwa la máa sọ ẹni tá a jẹ́ fún wọn. Mo ń wò ó, mo ń sọ nínú ara mi pé báyìí ni mo fẹ́ dà.

Bí ètò bá parí, ẹnì kan nínú wa ló máa yàn fún iṣẹ́ ọlọ́dún kan ní Jẹ̀nífà. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mi ò ní máa ṣe ojú ayé fún ìwé ara mi: mo fẹ́ ẹ débi pé bí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi.

Jímọ́ọ̀, 11 Oṣù Keje

Hájíà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Pàkátà, ní ìkúnlẹ̀ mi ti ń dára, pé tẹ́lẹ̀ ńṣe ni mo máa ń dà bí ẹni tó ń wá yẹtí tó jábọ́.

Wòlímọ̀ Àǹtí Barakah, ayẹyẹ tí ìyàwó ti máa ń ka Kùránì kó tó wọlé ọkọ, ku ọ̀sẹ̀ kan, ilé ti kún. Àǹtí Barakah ni àbígbẹ̀yìn Hájíà, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó ṣe ń fọ aṣọ ló ń ka Súrátù Ráhámánì tó máa kà lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń gé àlùbọ́sà náà ló ń kà á. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á.

"Ẹ̀rù kí ni? Abdulsobur ló yẹ kẹ́rù máa bà. Ọdún méjì ni mo fi ní kó dúró kí n lè parí ìwé mi. Mo sọ fún un pé bí kò bá lè dúró, mọ́tò ò tán ní Ọ̀fà Garage, kó wọ ọ̀kan."

Hájíà pariwo láti inú yàrá. "Barakah! Ọkọ ẹ lò ń sọ báyẹn sí?"

"Kò tíì di ọkọ mi, Hájíà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àláàdì, 20 Oṣù Keje

Gbogbo ara ń ro mí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, màá gbàgbé.

Lánàá ni wòlímọ̀. Wọ́n ta kánópì dí ojú ọ̀nà. Òjò ṣú, kò rọ̀. Wọ́n wé láwàní funfun fún Àǹtí Barakah bíi ti àwọn àáfà, wọ́n da aṣọ títàn bò ó léjìká, ó jókòó síwájú àwọn àgbà, ó gbé wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ Kùránì sí, lé itan. Tàdáwà tí wọ́n fi kọ Súrà náà sára ẹ̀ ń dán. Ó wojú wàláà, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò tiẹ̀ wúlò. Àwọn tó ń kọjá lódìkejì títì dúró. Ìbéèrè tó ń padà wá léraléra nínú Súrà yẹn, pé èwo nínú oore Olúwa yín lẹ máa pè nírọ́, gbogbo ìgbà tó bá dé ibẹ̀ làwọn ìyá ń bá a gbé e. Nígbà tó parí, àáfà àgbà ní òun ti kọ́ ọkùnrin rẹpẹtẹ tí wọn ò kà á tó bẹ́ẹ̀. Hájíà sunkún. Èmi náà sunkún. Ní Leeds, ńṣe ni mo máa ń fi ilé kéwú pamọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, màá ní ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ ni mò ń lọ. Lánàá, ó wù mí kó jẹ́ èmi ni mo jókòó síbẹ̀.

Dókítà Salahudeen wá. Èmi ni mo pè é. Ó jókòó láàárín àwọn àgbà, ó ń wí pé "Màṣà Allāhù", ó jẹ ìrẹsì, ó tún gba òmíì. Hájíà bi í léèrè ìyá rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ ìyá rẹ̀, Hájíà pa ọwọ́ pọ̀: ọdún kan náà làwọn méjèèjì ṣe wòlímọ̀ tiwọn!

Mo ya àwòrán Àǹtí Barakah níbi tó ti ń kà á. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáájú.

"Yà mí dáadáa o. Má jẹ́ kí imú mi tóbi."

Àlàrùbá, 23 Oṣù Keje

Mo fi ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí ránṣẹ́, àwòrán wà nínú ẹ̀. Mo kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: Barakah Yàhàyá, onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ń ka Kùránì níbi wòlímọ̀ rẹ̀ ní Ìlọrin. Dókítà dáhùn pé ó dára gan-an, pé kí n máa fojú sọ́nà fún Jẹ̀nífà. Mo ra súyà fún gbogbo ilé. Tòmátì ti wọ́n kọjá ààlà, Hájíà ní ká máa fi ata nìkan se ọbẹ̀.

Àlàmísì, 31 Oṣù Keje

Táòfíkì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ́fíìsì. Kò ṣàwàdà, ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. "Huda, ṣé o ti rí ohun tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lórúkọ wa?"

Àwòrán Àǹtí Barakah ni, ó gba gbogbo ojú fóònù. Wọ́n ti gé àwọn àáfà kúrò. Wọ́n gé àwọn ìyá kúrò. Wọ́n gé wàláà kúrò! Ó ku láwàní, ó ku ojú tó wolẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀, mo yí i padà síbí kí n lè rí bó ṣe burú tó ní èdè tirẹ̀: "Ọmọbìnrin kékeré kan ní Ìlọrin, ó dákẹ́, ó sorí kọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ń fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ìwọ lè yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà." Lẹ́yìn náà, ibi téèyàn á tẹ̀ láti fowó ránṣẹ́.

Ó dákẹ́? Àǹtí Barakah? Ọmọbìnrin kékeré? Ó sorí kọ́? Ìwé ló ń kà! Ibo ni kó máa wò, àjà?

Ká ní ẹnì kan ní Jẹ̀nífà tí kò rí Ìlọrin rí ló kọ ọ́, màá ní kò mọ̀ ni. Ọkùnrin yìí wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó gbọ́, ó wí pé Màṣà Allāhù, ó fi ìrẹsì wa kún ìrẹsì. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.

Jímọ́ọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Mo dé Challenge kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Dókítà ní kí n jókòó. Mi ò jókòó.

"Sà, ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àwọn tó ń polongo fún wa ló kọ ọ́, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Huda, fara balẹ̀."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà."

"Mo wà níbẹ̀. Mo ti mọ wòlímọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ mi. Àwọn tó san owó ọkọ̀ òfuurufú ẹ, kì í ṣe obìnrin tí inú ẹ̀ ń dùn ni wọ́n ń náwó fún. Ohun tó bá ká wọn lára ni wọ́n ń dá sí. Owó yẹn la sì máa fi ran àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń fipá fún lọ́kọ lóòótọ́ lọ́wọ́. Àbí wọn ò sí ni?"

"Wọ́n wà, sà. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Àǹtí Barakah ò sí lára wọn."

"Tó bá jẹ́ ojú ẹ̀ ló ń dùn ẹ́, a lè fi nǹkan bo ojú yẹn."

"Ṣé ojú ẹ̀ ló parọ́ ni?"

Ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Òyìnbó. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí Jẹ̀nífà, pé kí n lọ ro ọ̀rọ̀ ara mi dáadáa.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé mo rò ó. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Challenge dé Post Office, mò ń wò ó bóyá Àǹtí Barakah ò ní rí i, bóyá ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Òjò bá mi lọ́nà. Ó tọ́ sí mi.

Sátidé, 2 Oṣù Kẹjọ

Ó ti rí i.

Ilé ọkọ ló ti wá. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ló fi hàn án, tó ń bi í pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fipá fún un lọ́kọ. Ìyẹn ṣì kéré. Ìyá Abdulsobur náà ti rí i. Ó bi Àǹtí Barakah pé, "Ṣé àwọn èèyàn ẹ ló lọ sọ fún òyìnbó pé ọmọdé lọmọ mi gbé níyàwó?" Látìgbà náà, kò jẹ oúnjẹ tó sè mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó wọlé ọkọ rè é o.

"Ta ló ya àwòrán yìí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n mi ò kọ…"

"Imú mi ni mo ní kó o bá mi tọ́jú. O tọ́jú imú. Orúkọ mi ńkọ́?"

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ. Mo kúnlẹ̀ fún Hájíà.

"Dìde," ni Hájíà wí. "Ká ní àlejò ni ọ́, mi ò bá rẹ́rìn-ín, mi ò bá ní àlejò ò mọ̀. Ọmọ ilé yìí ni ọ́. Ohun tí mo fi ń bínú sí ẹ nìyẹn."

Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ kí ẹnì kan pè mí ní ọmọ ilé yìí. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n pè mí.

Àtàláátà, 5 Oṣù Kẹjọ

Mo ti gba ìròyìn mi padà lọ́wọ́ wọn. Mo ní mi ò ní dìde sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìparí níwájú àwọn tó ń fún wọn lówó. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ Jẹ̀nífà. Nígbà tí mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé.

Mo ní kí Dókítà wá sílé wá bẹ àwọn èèyàn. Í-méèlì ló fi dáhùn: pé ó dun àwọn bí ẹnikẹ́ni bá ka ọ̀rọ̀ náà sí àrífín. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á sí! Àwọn ò ṣe nǹkan kan nìyẹn o, àwa la kà á sí àrífín.

Mo sọ fún Hájíà pé ó ti bẹ̀bẹ̀ nínú í-méèlì.

"Ta ni í-méèlì? Ọmọ ilé ibo ni?" Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò wojú mi. "Ẹni tó jókòó lórí àga mi ni mò ń bá wí."

Àlàmísì, 7 Oṣù Kẹjọ

Hájíà wọ jálámíà tó fi ń lọ sí ìsìnkú, ó ní kí n pe kẹ̀kẹ́ fún òun. Gàmbàrí ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ìyá Dókítà. Mo ní kí n bá a lọ. Ó ní rárá, ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó àtijọ́ ni.

Wákàtí mẹ́ta kó tó dé. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ.

"A jẹ túwó," ló wí. "Ó ń bọ̀ lọ́la."

Jímọ́ọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni wọ́n dé. Ìyá Dókítà ló ṣáájú, ìyá kúkurú kan, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Dókítà ń tẹ̀ lé e. Kò wọ agbádá lónìí. Àǹtí Barakah àti Abdulsobur ti jókòó. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Hájíà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: àwọn tó ń polongo, àkókò tí kò tó, àṣìgbọ́. Ìyá rẹ̀ fọ̀pá gbálẹ̀.

"Salahu! Ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀, àbí ìròyìn lo wá kà fún wa?"

"Mi ò tíì ní kí wọ́n bẹ̀ mí, Màmá," ni Àǹtí Barakah wí. Ó wọlé, ó gbé wàláà jáde. Tàdáwà ṣì wà lára ẹ̀, Hájíà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé Dókítà lọ́wọ́. "Ẹ bá mi kà á, sà."

Dókítà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo wàláà. Ló bá gbé e lé itan, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n kà. Ohùn ẹ̀ tiẹ̀ dùn, mo bínú sí ìyẹn náà. Nígbà tó dé ibi ìbéèrè yẹn, Hájíà bá a gbé e, ìyá rẹ̀ náà bá a gbé e, fún ìgbà díẹ̀ kò sí ìjà nínú yàrá náà.

Fóònù Àǹtí Barakah dún kẹ́. Dókítà gbójú sókè.

"Ẹ má dá a dúró, sà, ẹ máa kà á lọ. Mo kàn yà yín ni. Ojú yín wolẹ̀, orí yín tẹ̀, ẹ ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Tí mo bá gé wàláà kúrò, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ fi yín fún ọkọ."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Abdulsobur wúkọ́, ó wúkọ́ títí ó fi bọ́ síta. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó di wàláà yẹn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo fọwọ́ sí i," ló wí, jẹ́jẹ́. Kò dárúkọ àwọn tó ń polongo mọ́.

"Mo gbọ́," ni Àǹtí Barakah wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ìyá ọkọ mi."

Wọ́n lọ. Gbogbo wọn wọ mọ́tò Dókítà. Mo dúró ti Hájíà, a gbálẹ̀.

Sátidé, 9 Oṣù Kẹjọ

Ayẹyẹ ìparí. Wọ́n ti gbé àwòrán náà padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní odidi, wàláà, àáfà, àwọn ìyá, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀ àti gbólóhùn kan pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ìwé pélébé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán gígé yẹn, wọ́n ya ojú ewé yẹn kúrò nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ti rí i ṣáájú ńkọ́? Ta ló máa lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan? Táòfíkì ní kí n jẹ́ kínú mi rọ̀. Kò rọ̀.

Òun ni wọ́n yàn fún Jẹ̀nífà. Ó wò mí bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Ó tọ́ sí ẹ. Ṣáà má jẹ́ kí ẹnu ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹ."

"Òyìnbó Pàkátà, kí ni wàá wá ṣe báyìí?"

Mo ní mo ṣì ń lọ síbi tí mò ń lọ. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ńláńlá nídìí tábìlì gígùn ni mo fẹ́ jókòó sí. Ní báyìí, tábìlì kékeré ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán ni mo fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ irú ẹni tá a jẹ́ fáyé. Màá wá ọ̀nà míì débẹ̀, láìsí ìwé ẹ̀rí Dókítà.

Àláàdì, 10 Oṣù Kẹjọ

Àǹtí Barakah pè. Ìyá ọkọ ẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Inú Àǹtí Barakah dùn sí iyọ̀ yẹn débi pé ó ń kọrin.

Lẹ́yìn náà, ó fi àwòrán Dókítà ránṣẹ́ sí mi. "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣe é bó o bá ṣe fẹ́."

Mo gé wàláà kúrò. Mo gé ìyá rẹ̀ kúrò. Mo kọ sábẹ́ ẹ̀: Ọkùnrin kan ní Ìlọrin, ó dákẹ́, ó sorí kọ́, lọ́jọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú. Ó dùn ún kọ. Ó dùn débi pé ẹ̀rù bà mí. Ìka mi ti wà lórí ibi tí mo máa tẹ̀.

Mo pa á rẹ́. Mo mú odindi àwòrán náà, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ orúkọ Súrà tó ń kà. Mo wá pè é.

"Sà, Huda ni. Mo ní àwòrán yín lọ́wọ́, níbi tẹ́ ẹ ti ń kàwé níjẹta. Ṣé kí n gbé e síta?"

"Rárá, Huda. Jọ̀ọ́."

"Ó ti yé mi, sà."

Mi ò gbé e síta. Ìpè kan ni o. Ìpè kan ṣoṣo lòun náà ì bá fi bi Àǹtí Barakah.